Annobón: Ta Ló Sọ Ọ́ Di Ọ̀nà Jíjìn?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé yín nítorí tèmi, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Alága ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màá gbìyànjú, àmọ́ ẹni tó bá fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé olùkọ́ jọ́gíráfì lọ́wọ́ ti mọ ohun tó ń fà lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá na okùn láti Èkó lọ sí Maiduguri lórí máàpù, okùn náà á lé ní 1,200 km. Bí ẹ bá wá yí orí okùn yẹn sí gúúsù, tí ẹ nà án gba ojú òkun lọ, okùn ò ní tíì tó 1,000 km tí ẹ ó fi kan erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Annobón. Ó sún mọ́ Èkó ju Maiduguri lọ. Aago kan náà la jọ ń lò. Mélòó nínú wa nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Mo rí ọwọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìyàwó mi, a ò sì lè ka tiẹ̀ mọ́ ọn.

Annobón jẹ́ ẹkùn kan lábẹ́ ìjọba Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Sípéènì ṣàkóso títí di ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá 1968. Malabo, ìlú ńlá ibẹ̀, wà ní erékùṣù Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po. Láti Malabo dé Annobón lé ní 600 km lórí omi. Èyí tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè mìíràn, São Tomé àti Príncipe, ló jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó kúrò ní Malabo tó ń lọ sí Annobón á kọjá lẹ́bàá ilẹ̀ onílẹ̀ kó tó tún padà dé ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Á tún ré kọjá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí nínú gbogbo ilẹ̀ Equatorial Guinea, Annobón nìkan ló wà ní ìhà gúúsù ìlà yẹn.

Tí ẹ bá ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, gbogbo wọn ló ń sọ pé ó jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò lónìí ni pé òkun kọ́ ló sọ Annobón di ọ̀nà jíjìn. Òkun ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ìgbà kan sì wà tó lé ní igba ọdún, tí erékùṣù yìí wà lójú títì gan-an, tí ọkọ̀ ń yà síbẹ̀ láti Yúróòpù, láti Amẹ́ríkà, láti etíkun tiwa yìí. Èèyàn ló sọ ọ́ di jíjìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ rẹ̀. Kò ju nǹkan bí 17 km² lọ. Láti àríwá dé gúúsù rẹ̀ ju 6 km lọ díẹ̀, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 3 km. Third Mainland Bridge tí a máa ń há sórí rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Quioveo, jẹ́ 598 m, nítorí náà kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ lọ tí kò ní gùnkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ní ìhà àríwá, nínú ihò òkè ayọnáyèéfín tó ti kú tipẹ́, adágún omi kan wà tí wọ́n ń pè ní A Pot. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló ń gbé erékùṣù náà, San Antonio de Palé tó wà létí òkun níhà àríwá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn abúlé kéékèèké bíi Mabana, Anganchi àti Aual wà létí omi níbòmíràn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ìlà òkè ayọnáyèéfín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Biu ní ìpínlẹ̀ Borno, ó gba àwọn òkè Cameroon kọjá, ó bọ́ sínú òkun, ó yọrí ní Bioko, ó yọrí ní Príncipe, ó yọrí ní São Tomé, ó sì parí sí Annobón. Ìyẹn ni pé Borno tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti erékùṣù yìí, iná kan náà lábẹ́ ilẹ̀ ló bí wọn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti sú láti gbọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Bioko àti Annobón ni pé nígbà tí omi òkun fà sẹ́yìn láyé àtijọ́, ilẹ̀ so Bioko mọ́ Áfíríkà, ọ̀bọ àti ẹtu sì fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Annobón kò fìgbà kan so mọ́ ibì kankan, àárín ibú ló ti dìde. Ohun abẹ̀mí tó bá máa dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kó fò tàbí kí omi gbé e. Ó ní ẹyẹ tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, òwìwí kékeré kan sì wà nínú wọn. Ó tún ní àdán. Ẹ̀yin tí ẹ ka Yunifásítì ní Ifẹ̀, ẹ mọ àwọn àdán tó máa ń ṣú bo igi nínú ọgbà OAU, tí wọ́n ń pariwo lọ́sàn-án gangan? Irú àdán yẹn gan-an ló wà ní Annobón, àmọ́ ti ibẹ̀ kéré sí tiwa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé gbogbo àwọn tó wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà ń pàdé, wọ́n ń bá ara wọn bímọ láti ibi kan dé ibòmíràn, àmọ́ àwọn ti Annobón dá wà láyè ara wọn. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ jíjìnnà, àdán ni kó wá ṣẹlẹ́rìí fún òkun. Ti ọmọ èèyàn yàtọ̀.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ nígbà tí àwọn Pọtogí kàn án ní ọjọ́ Ọdún Tuntun kan láàárín 1470 sí 1479, òun ló fà á tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ano Bom, ìyẹn ọdún rere lédè wọn. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti São Tomé ni wọ́n fi dá ìlú sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ti ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà wá, àwọn mìíràn sì ti ìhà Bìní àti etí odò Ọya wá. Èdè tí wọ́n ń sọ títí di òní, Fá d'Ambô, èdè Pọtogí ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè rí ipa èdè Ẹ̀dó àti èdè Kóńgò nínú rẹ̀ kedere. Ará ilé ni èdè yìí jẹ́ sí èyí tí wọ́n ń sọ ní São Tomé àti Príncipe. Èdè Sípéènì, tíjọba ni.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ báyìí, torí òun gan-an ni mo ṣe wá. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀gákọ̀ kì í lọ síbi tó wù ú, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà fún un ló ń lọ. Ní etíkun tiwa, láti Wídà dé Àgbádárìgì dé Èkó, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá sórí ilẹ̀, omi òkun náà sì ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tó bá ti ibí ń lọ sí Brazil kò lè kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tààrà. Àfi kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, títí yóò fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn ti ń fẹ́, tí omi sì ti ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí wọ́n ti ń yí orí ọkọ̀ padà yẹn ni Annobón wà.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó kọjá sínú Àtìláńtíìkì, á yà sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tó wà lójú ọ̀nà, São Tomé, Cape Lopez ní ilẹ̀ Gabon, tàbí Annobón, láti pọnmi àti láti ra oúnjẹ. Ní Annobón wọ́n á rí omi, àgbọn, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ rà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á rí ọsàn. Ọsàn ibẹ̀ lókìkí láàárín àwọn awakọ̀ ojú omi, nítorí ẹni tó bá ti wà lórí òkun fún oṣù mélòó kan láìjẹ èso, èrìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì, ikú ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará Họ́lándì yà síbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà síbẹ̀, àwọn Pọtogí fúnra wọn ń lọ wọ́n ń bọ̀.

A kì í sọ èyí ká má sọ irú ẹrù tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyẹn gbé. Àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa lọ sí èbúté Wídà ni wọ́n wà nínú wọn, ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá sì gbà wọ́n láyè láti gòkè wá gbatẹ́gùn nígbà tí ọkọ̀ dúró pọnmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè Quioveo ni ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn kan nínú wọn rí kẹ́yìn. Mi ò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí a bá ń sọ pé Annobón kò kàn wá, ẹ rántí pé ọ̀nà Bahia ní Brazil gba ibẹ̀ kọjá.

Ní 1778, ọba Pọ́túgàl àti ọba Sípéènì jókòó ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ti ń jà tipẹ́ lórí ààlà ilẹ̀ wọn ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n sì parí ìjà, ara ohun tí Pọ́túgàl fi lélẹ̀ ni Fernando Po àti Annobón. Sípéènì fẹ́ ibi tí òun náà á ti máa kó ẹrú láìgba ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìwé àdéhùn náà, ààfin El Pardo lẹ́bàá Madrid ni wọ́n ti buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tó bi ará Annobón kankan léèrè.

Ọkọ̀ Sípéènì gbéra láti Montevideo lóṣù Kẹrin ọdún yẹn, Count Argelejo ló ṣáájú wọn. Wọ́n gba Fernando Po lóṣù Kẹwàá, wọ́n wá kọjú sí Annobón. Argelejo kú sójú òkun lóṣù Kọkànlá kí wọ́n tó dé. Igbákejì rẹ̀, Joaquín Primo de Rivera, ló kó wọn gúnlẹ̀. Àwọn ará erékùṣù wò wọ́n, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò búra fún ọba kankan. Àwọn ọmọ ogun ọ̀hún, tí àìsàn ti ń pa lórí omi, tí ọ̀gá wọn ti kú, wo òkè, wo èèyàn, wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn, ó di São Tomé. Bí Annobón ṣe di ti Sípéènì lórí ìwé nìyẹn, tó sì wà láìsí ará Sípéènì kankan nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣèjọba ara wọn? Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa erékùṣù yìí, òun ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbà yẹn sọ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ márùn-ún ló ń gba ipò gómìnà lọ́wọ́ ara wọn. Sáà ẹnì kan kì í ṣe ọdún mélòó kan. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà, sáà rẹ̀ parí, ó di ti ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ mẹ́wàá! Ẹ rò ó wò. Àwọn èèyàn tí a ń pè ní ará ọ̀nà jíjìn yìí, ọkọ̀ tó ń dé sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n fi ń ka sáà ìjọba. Kò sí ẹni tí yóò fi ohun tí kì í wá ka àkókò. Ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí iṣẹ́ gómìnà gan-an ni láti bá ọ̀gákọ̀ dúnàádúrà, kó gba owó èbúté, kó sì rí i pé wọn ò rẹ́ àwọn èèyàn òun jẹ. Bí ẹnì kan bá ti rí èrè ọkọ̀ mẹ́wàá, kó dìde fún ẹlòmíràn. Mo mọ àwọn olóṣèlú kan nílé wa níbí tí ǹ bá fẹ́ ká fi òfin yìí bá wọn lò, ṣùgbọ́n alága ti ní kí n má wulẹ̀ gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà jọ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n, láti ìgbà àwọn Pọtogí. Ọ̀pọ̀ ọdún wà tí kò sí fadá kan ṣoṣo níbẹ̀, àwọn olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ló ń ṣáájú àdúrà. Nígbà tí àwọn fadá ìjọ Claret dé láti Sípéènì ní 1885, ẹ̀sìn Àgùdà ni wọ́n bá nílẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é ti sọ ọ́ di tiwọn.

Ibẹ̀ náà ni jíjìnnà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ onísitíìmù ti dé, kò sì bìkítà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kò sídìí láti sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù mọ́. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń pa ẹja àbùùbùtán, tí wọ́n máa ń yà síbẹ̀ ra oúnjẹ, tí wọ́n sì ń gba àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ síṣẹ́, dín kù nígbà tí epo rọ̀bì gba ipò epo ẹja. Òwò ẹrú náà parí. Láàárín ìran kan ṣoṣo, ojú títì di ẹ̀yìn ilé. Ká ní òfin ọkọ̀ mẹ́wàá ṣì wà lẹ́yìn ìgbà yẹn, gómìnà kan ì bá darúgbó sórí àga.

Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà yẹn fi nǹkan kan sílẹ̀ ṣá. Lọ́dọọdún, láti nǹkan bí oṣù Keje, nígbà tí òjò ń lu Èkó lálùbolẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn wà ní Annobón, àwọn ẹja àbùùbùtán oníké máa ń ti omi dídì gúúsù ayé wá sí Òkun Gínì láti bímọ. Irú wọn náà ló ń kọjá níwájú Kútọnu. Àwọn ọkùnrin Annobón kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ wò ó tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ, pẹ̀lú àjẹ̀ àti ìgbòkun. Ọ̀kọ̀ onírin tí ẹnu rẹ̀ ní ìwọ̀, tí okùn gígùn so mọ́ ìdí rẹ̀, ni wọ́n fi ọwọ́ jù. Kì í ṣe ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ọ́ lù. Ọmọ ni. Ọmọ kò lè rì lọ jìnnà, kò sì lágbára láti fa ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ dànù. Ìyá ò sì ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ, á máa yí po ibẹ̀, àwọn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹja tí gígùn rẹ̀ lè tó 15 m, pẹ̀lú ìbínú, níwájú igi gbígbẹ́ tí ọkùnrin mélòó kan jókòó sí. Bí wọ́n bá rí ọmọ náà pa, wọ́n á so ó mọ́ ọkọ̀, wọ́n á wà á títí dé etí omi, gbogbo ìlú á sì jáde wá pín ẹran.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń fajú ro. Ẹ tọ̀nà. Àmọ́ ẹ fi wé àwọn ilé iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ ńlá àti ìbọn pa ẹja yìí láti etíkun Gabon ní ọ̀rúndún ogún, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Kì í ṣe àwọn ọlọ́pẹ́ẹ́rẹ́ Annobón ló fà á.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀ràn wá le. Francisco Macías Nguema, ààrẹ àkọ́kọ́, sọ Fernando Po di orúkọ ara rẹ̀ ní 1973, ó sì sọ Annobón di Pagalu. Ọdún yẹn náà ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù náà. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbà náà sọ pé ìjọba kò fi oògùn ránṣẹ́, kò sì jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Ẹ ò rí i pé òkun kọ́ ló ṣe ìyẹn? Ọkọ̀ wà. Ẹni tó máa ní kó gbéra ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wọ̀ ọ́ níbí yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, pàápàá láti ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, ló ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó Fernando Po. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n pọ̀ débi pé ìjọba Nàìjíríà kó wọn wálé láàárín 1975 sí 1976. Oko kòkó ṣófo, Macías sì bẹ̀rẹ̀ sí í fipá kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n kó ará Annobón náà. Macías kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹjọ 1979, ìbátan rẹ̀ Teodoro Obiang ló gbà á, òun ló sì wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn. Orúkọ Annobón padà. Ní 1988, ọdún kan náà tí a rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko nílẹ̀ wa níbí, ìròyìn jáde pé ìjọba Obiang ti gbà kí wọ́n wá máa ri irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Annobón. Ní Oṣù Kẹjọ 1993, àwọn ará erékùṣù náà fẹ̀hónú hàn, àwọn ọmọ ogun pa èèyàn méjì.

Ìrìn àjò débẹ̀ ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí èbúté gidi. Ọkọ̀ tó bá ti Malabo dé, tó ti rìn tọ̀sán tòru, á dúró lójú òkun níwájú Palé, ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ á sì wá kó èrò. Ẹ fojú inú wò ó: ìgbì ń gbé ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á dúró lórí àtẹ̀gùn, á máa wo ìgbì, bí ó bá ti gbé e sókè ni kó ta sínú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ti lọ sílẹ̀, òun àti omi ló kù. Àpò ìrẹsì, agbada ìdáná, ìyá arúgbó, gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀. Oṣù kan lè kọjá láìrí ọkọ̀. Nígbà tí kò bá sí, ẹja, gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn wà, ebi kì í pa wọ́n kú. Àmọ́ oògùn, kẹrosíìnì, ọṣẹ, ìwé ọmọ iléèwé, àwọn wọ̀nyẹn kì í hù lórí òkè Quioveo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Annobón fi ń gbé Malabo àti Bata, ìlú wọn tó wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an.

Láti nǹkan bí 2013, pápákọ̀ òfurufú tuntun ti wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ èbúté. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀nà tó dé ti tán ìṣòro, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan ń fi àdó olóró fọ́ òkúta níbẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ pé ilé àwọn ń sán, oko àwọn ń bàjẹ́. Ní Oṣù Keje 2024, wọ́n kọ ìwé ẹ̀dùn ọkàn sí ìjọba ní Malabo. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó buwọ́ lù ú, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo erékùṣù náà. Nígbà tí àwọn oníròyìn àgbáyé gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní Oṣù Keje 2025, ọdún kan gbáko ti kọjá, íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì padà. Báńkì ò ṣeé lò dáadáa, ilé ìwòsàn ò lè ké sí ìrànlọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Àwa tí wọ́n ti Twitter pa fún láti Oṣù Kẹfà 2021 dé Oṣù Kìíní 2022 kígbe títí, a sì ṣì ní WhatsApp, a ní rédíò, a ní ọ̀nà márosẹ̀. Ti Annobón, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀, wọ́n wá gé okùn tó so wọ́n mọ́ ayé.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi wọ́n sílẹ̀, bí wọ́n bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ambô Legadu tiẹ̀ kéde òmìnira erékùṣù náà ní 2022, orílẹ̀-èdè kankan ò tíì gbà fún wọn. Ẹ wo òfin òkun àgbáyé. Orílẹ̀-èdè tó bá ní erékùṣù tí èèyàn ń gbé ló ni ẹja àti epo tó wà nínú omi tó yí i ká, títí dé nǹkan bí 370 km, àfi ibi tó bá ti pàdé ti aládùúgbò. Gbogbo ilẹ̀ Equatorial Guinea jẹ́ nǹkan bí 28,000 km². Omi tí Annobón nìkan mú wá fún un tóbi ju ilẹ̀ yẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà, lórí máàpù àwọn tó ń pín òkun, Annobón kò jìnnà rárá. Ìgbà tí aláboyún bá nílò dókítà, tàbí tí olùkọ́ ń dúró de owó oṣù, ni ọ̀nà rẹ̀ ń jìn.

Mo dúpẹ́. Alága ní ìbéèrè méjì péré la ráyè fún.

Ìyá wa tó wọ aṣọ òkè lọ́hùn-ún bèèrè bóyá Yorùbá ni àwọn èèyàn wọ̀nyí níbẹ̀rẹ̀. Rárá, mà. Mo sọ̀rọ̀ Ẹ̀dó àti Kóńgò torí ẹ̀rí wà fún un nínú èdè wọn. Mi ò rí ẹ̀rí fún tiwa. Ẹ jẹ́ ká jọ yé kó gbogbo ayé mọ́ Odùduwà. Ọ̀nà tí àwọn baba wa kan gbà kọjá nínú ìyà ni ibẹ̀, ìyẹn tó láti mú kí ọ̀rọ̀ wọn kàn wá.

Ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́yìn fẹ́ mọ bí òun ṣe lè débẹ̀ láti Èkó. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó lọ tààrà, sà. Ẹ ó gba físà Equatorial Guinea, ẹ ó kọ́kọ́ dé Malabo, ibẹ̀ lẹ ó ti wá ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Annobón. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bóyá wọ́n ń gba àlejò láyè lásìkò náà, kí ẹ tó náwó. Ẹ fi ọjọ́ tó pọ̀ sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀, torí ọkọ̀ lè má tètè wá. Owó ọwọ́ ni kí ẹ mú dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì. CFA ni wọ́n ń ná, àmọ́ kì í ṣe CFA Kútọnu o, ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni, ti Cameroon àti Gabon. Ẹni tó bá lọ ra ti Kútọnu ní Sẹ̀mẹ́, tó rò pé òun ti gbówó dání, á tún un ṣẹ́ kó tó rí nǹkan rà.